Ìka Tó Ṣẹ̀ Lọba Ń Gé

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe ní Zone franche, agbègbè òwò ọ̀fẹ́ ti Lomé ní Tógò, ìka tó bá sún mọ́ ọ̀bẹ ni wọ́n ń gé. Mọ́tò á máa ta gìrì bí awakọ̀ bá tẹ iná, tàbí kó máa gbọ̀n bó bá tẹ bíréèkì. Wọ́n á ní púlọ́ọ̀gì ni, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Kò lọ, wọ́n á ní kọ́ìlì ni. Kò lọ, ó di pọ́ǹpù epo. Owó á tán lápò onímọ́tò, gìrì náà á sì wà níbi tó wà. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè ló yẹ kó ṣáájú sípánà: ẹ̀yà tí a kò bá tíì rí ẹ̀rí mú, a kò gbọdọ̀ tú u.

Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Mọ́tò tó ń ta gìrì ní Lomé náà ní ìdí, ibi tó ti wá sì wà lára ìdí ọ̀hún. UNEP, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ àyíká, kọ ọ́ nínú ìròyìn tó gbé jáde ní 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n kó jáde láti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan, Áfíríkà sì gba ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Èbúté Lomé tó ṣí ní 1968 jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ń gbà wọlé. Láti ìgbà tí òfin Zone franche ti jáde ní 1989, ilé iṣẹ́ ti pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté náà, páàkì tòkunbọ̀ sì wà káàkiri àdúgbò. Mọ́tò tó pẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, tó tún pẹ́ ní páàkì létí òkun, ń fa afẹ́fẹ́ oníyọ̀ símú. Dísìkì bíréèkì rẹ̀ á dógùn-ún, àyàfi ojú ibi tí páàdì fara tì. Bí wọ́n bá wá ń wà á, ojú tí kò dọ́gba yẹn á máa ta páàdì ní gbogbo ìgbà tí táyà bá yí po, ì báà jẹ́ páàdì tuntun. Ti epo náà tún wà: bẹntiróòlù tó ti pẹ́ nínú táǹkì, tàbí boudè, ìyẹn epo inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, lè ní omi tàbí ìdọ̀tí nínú, ẹ́ńjìnnì á sì máa mísì. Kò sí kọ́ìlì tuntun tó lè wo omi inú epo sàn.

Báwo ni a ṣe ń rí ẹ̀rí mú? Bí gìrì náà bá jẹ́ ti iná títẹ̀, kí mọ́tò dúró, kí gíà wà ní fírì, kí a wá tẹ iná. Bó bá ń mísì níbẹ̀, ọ̀nà epo, ọ̀nà afẹ́fẹ́ tàbí iná púlọ́ọ̀gì ni kí a wò. Bó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n tó ta wá bí a ti fi gíà sí D pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí bíréèkì, kí a wo sítì ẹ́ńjìnnì àti epo gíà. Síbẹ̀, kọ́ìlì tó ti rẹ̀ lè máa ṣe dáadáa lórí ìdúró, kó wá ṣubú nígbà tí mọ́tò bá ń gun òkè. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ẹyọ kan kò fi tó. Bó bá jẹ́ ti bíréèkì, kí a wá ojú títì gbọọrọ tó dá, kí a fi gíà sí fírì lórí ìrìn, kí a rọra tẹ bíréèkì. A kò gbọdọ̀ pa kọ́kọ́rọ́ o, nítorí bíréèkì àti síárìn á le. Bí gbígbọ̀n náà bá dáwọ́ dúró, ọ̀ràn ẹ́ńjìnnì tàbí gíà ni. Bó bá ń gbọ̀n síbẹ̀, ọ̀ràn bíréèkì ni: bí síárìn bá ń gbọ̀n lọ́wọ́, a ó kọ́kọ́ wo dísìkì iwájú, bó bá jẹ́ ìjókòó ló ń gbọ̀n, a ó wo ẹ̀yìn. Ká má sì fi ojú lásán dá dísìkì láre, nítorí ìyàtọ̀ nínú bó ṣe nípọn tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà ti tó láti mú mọ́tò gbọ̀n. Ohun èlò ìwọ̀n ló ń rí i.

Ẹnìkan lè ní kọ̀ǹpútà tó ń yẹ mọ́tò wò ti dé, kí la tún ń yọ ara wa lẹ́nu sí? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ P0302, ohun tó sọ ni pé sìlíńdà kejì ń mísì. Kò sọ ẹni tó fà á. Kí a gbé kọ́ìlì kejì sórí ìkẹta, kí a pa kóòdù rẹ́, kí a wa mọ́tò. Bó bá di P0303, kọ́ìlì ló jẹ̀bi. Bó bá ṣì jẹ́ P0302, ká fi kọ́ìlì sílẹ̀, ká wo púlọ́ọ̀gì àti ẹnu tó ń tú epo sínú sìlíńdà. Àyẹ̀wò yìí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹlòmíràn á ní ọ̀gá tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ń fi etí lásán mọ àìsàn mọ́tò. Òótọ́ ni, etí ọ̀gá a máa gé ọ̀nà kúrú. Bó bá sì ti gbọ́ ọ dáadáa, àyẹ̀wò ìṣẹ́jú mélòó kan á gbè é lẹ́yìn.

Àtakò tó wúwo jù ni ti owó: oníbàárà kì í fẹ́ sanwó àyẹ̀wò, orí ẹ̀yà tuntun ni mẹ́káníìkì ti ń jẹun. Èyí kì í ṣe ẹjọ́ mẹ́káníìkì nìkan. Àwa tí a ń fẹ́ kó yẹ mọ́tò wò lọ́fẹ̀ẹ́ la kọ́ ọ láti máa pààrọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ san owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, kódà bí wọn kò bá pààrọ̀ nǹkan kan. Kí ẹ tó sanwó ẹ̀yà tuntun, ẹ béèrè pé, "Kí ló fi hàn pé èyí ló ṣẹ̀?" Mẹ́káníìkì tí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.