KÒKÒRÒ KÉKERÉ, IṢẸ́ ŃLÁ

Kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 1:24-31
Àkọ́sórí: Sekaráyà 4:10

Ǹjẹ́ o ti bi ara rẹ léèrè rí pé, ta ní ń mú kí kòkó so? Àgbẹ̀ lè ní òun ni, nítorí òun ló gbìn ín, òun ló sì ń ro ó. Ṣùgbọ́n wo òdòdó kòkó lára igi: ó kéré, ó sì há, oyin kò lè rọ́nà wọ inú rẹ̀ dáadáa. Kòkòrò bíńtín kan tó jọ kantíkantí, tí kò ju mìlímítà 3 lọ, ni Ọlọ́run fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Òun ní ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti inú òdòdó kan lọ sínú òmíràn. Òdòdó tí kò bá rí i gbà, kì í ju bí ọjọ́ méjì lọ tí yóò fi já bọ́. Ọlọ́run tí ń mú ìbísí wá (1 Kọ́ríńtì 3:6) ti yan ohun tí ojú kì í tètè rí.

Rántí Cocoa House ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, ilé alájà 26 tí a parí ní 1965. Owó kòkó ló kọ́ ọ. Owó kòkó ni ọ̀pọ̀ òbí fi rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Kòkòrò tí o ń fi ọwọ́ gbá kúrò lójú ní ìpín nínú ìwé ẹ̀rí tí o gbé kọ́ sára ògiri!

Kí la wá fi san án fún un? Abẹ́ ewé tó ń jẹrà àti ara ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń yé ẹyin sí. A gbá gbogbo rẹ̀ jọ, a dáná sun ún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Gamalin 20 ni àwọn àgbẹ̀ wa fi ń fín kòkó. Ó ń pa kòkòrò tó ń ba kòkó jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n májèlé kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè fi lindane, oró inú rẹ̀, sára àwọn ohun tí wọ́n fẹ́ mú kúrò lóko lábẹ́ Àdéhùn Stockholm.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní ìlú Krefeld ní Jámánì, ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ kòkòrò, tí ọ̀pọ̀ wọn kò gba owó oṣù fún un, dẹ pàkúté sí ibi 63 tí òfin ń dáàbò bò. Láti 1989 dé 2016, wọ́n ń wọn ìwúwo kòkòrò tó ń fò. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, ó hàn pé ó ti dín kù ní ohun tó lé ní ìdá 75 nínú 100! Ní 2019, ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ènìyàn ní Bavaria tó fọwọ́ síwèé pé kí a gba oyin là, ó sì di òfin lọ́dún náà.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ayé yìí ń kọjá lọ, kí ló kàn mí pẹ̀lú kòkòrò?” Ará, ti Olúwa ni ilẹ̀ (Sáàmù 24:1). Ayálégbé tó gbọ́ pé onílé ń bọ̀, ṣé fèrèsé ló yẹ kó máa fọ́? Kí Ọlọ́run tó dá ènìyàn ló ti wo ohun tí ń rákò, tó sì rí i pé ó dára (Gẹ́nẹ́sísì 1:25). Iṣẹ́ méjì ló fún Ádámù nínú ọgbà: kí ó máa ro ó, kí ó sì máa ṣọ́ ọ (Gẹ́nẹ́sísì 2:15). A di ríro mú, a gbàgbé ìṣọ́.

A ń san ìdámẹ́wàá, a sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó bá ajẹnirun wí (Málákì 3:11). Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwọ fúnra rẹ bá ń pa òṣìṣẹ́ tí Ọlọ́run rán sí oko rẹ, ta ni ajẹnirun níbẹ̀?

Ohun tí o óò ṣe: Bí o bá ní oko kòkó, fi ewé tó já àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ kó jẹrà lábẹ́ igi. Má ṣe fín oògùn láàárọ̀ nígbà tí òdòdó bá là. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ nípa oògùn kí o tó rà á. Bí o bá ń gbé ìgboro, má ṣe dáná sun gbogbo koríko àyíká rẹ.

Kókó Àdúrà:
1. Baba, la ojú mi kí n rí àwọn ohun kékeré tí O ń lò láti bọ́ mi.
2. Olúwa, dárí jì wá níbi tí a ti ba iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ jẹ́.
3. Baba, má ṣe jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi pa orísun ìbùkún mi, ní orúkọ Jésù. Àmín.