ÌTURA, ÀTI ÌPÈ TÍ Ó JU ÌTURA LỌ



Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwa onígbàgbọ́ Ìlárè gbé yẹ̀ wò: Ǹjẹ́ ó di dandan kí ènìyàn fi ibi tí ara ti tù ú sílẹ̀ kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ tó pé? Ẹni tí ó bá bèèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣe àfojúdi. Àwọn baba wa wí pé àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Wọ́n sì tún wí pé ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Àwa ará Ifẹ̀ sì ní ìdí ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ láti fẹ́ràn ibi tí a wà, nítorí orírun ni a ń pe ìlú wa.

Ṣùgbọ́n kí ni ó sọ Ifẹ̀ di orírun? Àwọn tí ó jáde kúrò nínú rẹ̀ ni. Ìbá ṣe pé àwọn ọmọ Odùduwà di ẹsẹ̀ mọ́ ìloro baba wọn, tí ẹnìkan kò sì lọ tẹ ìlú dó, Ifẹ̀ ì bá jẹ́ ìlú kan bí ìlú mìíràn. Odò tí kò ṣàn kúrò ní orísun rẹ̀, ọ̀gọ̀dọ̀ lásán ni. Ábúráhámù pẹ̀lú ti di ẹni ọdún 75, ó ti ní ẹrú àti ẹran ọ̀sìn, kí ó tó jáde kúrò ní Háránì. Bí ó bá kọ̀, a kì bá tí gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìjáde ni ìgbàgbọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ìgbésí ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ìjáde mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a kíyè sí nínú rẹ̀, wọn kò sì rí bákan náà.

Ìjáde kìíní jẹ́ ti ipá. Ní 1821 ni ogun kó Òṣogùn, tí a sì mú ọmọdékùnrin náà lẹ́rú. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ó fi wọ ọkọ̀ àwọn Potogí. Àwọn ọmọ-ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun ní 1822, wọ́n sì mú un lọ sí Sàró. Ọlọ́run fa ire yọ nínú ibi yìí, nítorí níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, tí a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe iṣẹ́ àwọn ajínigbé ní ìpè Ọlọ́run.

Ìjáde kejì jẹ́ ti ayọ̀. Lẹ́yìn tí a fi í jẹ àlùfáà ní 1843, ó padà sí ilẹ̀ baba rẹ̀, ó sì wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846. Ní oṣù náà gan-an ni ìyá rẹ̀, Àfàlá, gbọ́ pé ọmọ òun wà láàyè, ó sì wá a wá. Ọdún 25 ti kọjá. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn di ara àwọn mú, àwọn sì ń wo ara àwọn láìlè fọhùn. Ta ni nínú wa tí kì bá wí pé, Ó tó. Níhìn-ín ni èmi yóò kú sí?

Ṣùgbọ́n ní 1857, nígbà tí ó ti tó bí ẹni àádọ́ta ọdún, tí ó ní ìyá, aya, ọmọ àti ọ̀wọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ó tún bọ́ sínú ọkọ̀, ó gba Odò Ọya lọ. Kì í ṣe pé kò mọ ewu ibẹ̀. Ó ti bá wọn lọ ní 1841, nígbà tí ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó inú ọkọ̀. Wọ́n dá iṣẹ́ Ìyìn Rere sílẹ̀ ní Onitsha. Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ wọn fọ́ lórí àpáta nítòsí Jẹ́bà. Ẹni tí ó ti kọ ìwé gírámà èdè Yorùbá wá tún jókòó bí ọmọ ilé-ìwé láti kọ́ èdè Ìgbò àti ti Núpé. Lójú tèmi, èyí le ju ewu odò lọ: kí ọ̀gá tún di akẹ́kọ̀ọ́, kí ó tún máa ṣi ọ̀rọ̀ pè níwájú ọmọdé.

Ìjáde kẹta yìí ni ó kọ́ wa ní ohun tí a ń wá. Kì í ṣe ohun búburú ni Crowther fi sílẹ̀. Ohun rere ni, ohun tí a já gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní èwe, tí Ọlọ́run sì dá padà fún un. Kò kórìíra ìtura. Ó kàn mọ̀ pé a kò fi fún un kí ó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, nígbà tí àwọn mìíràn kò ì tíì gbọ́.

Nítorí náà, bí ọkàn rẹ bá ń sọ fún ọ pé kí o dìde, bi í ní ìbéèrè méjì: Kí ni mò ń fi sílẹ̀? Nítorí ta ni? Ẹni tí ó ń sá fún gbèsè, tàbí tí ó bá ìjọ jà tí ó sì kẹ́rù, kí ó má ṣe dárúkọ Ábúráhámù. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí a fẹ́ gbé lọ sí abúlé, tí ó ń wá ẹni tí yóò bá òun bẹ̀bẹ̀ kí òun lè dúró sí ìlú, kí òun náà bi ara rẹ̀ bóyá àwọn ọmọ abúlé kò ní ẹ̀mí bí ti ìlú.

Kí àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé ìrìn mọ́ má sì wí pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Àfàlá kò bá ọmọ rẹ̀ gba Odò Ọya lọ. Ní 1848, ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó gba ìrìbọmi, a sì pè é ní Hannah. Ó dúró sí ojú kan, síbẹ̀ ọ̀nà tí ó rìn jìn. Ẹlòmíràn nínú wa kò ní láti kúrò ní Ìlárè rárá. Ìbínú tí ó ti di ìjókòó ìtura fún un ni ó ní láti dìde kúrò lórí rẹ̀, tàbí aládùúgbò tí kò kí láti ọdún mẹ́ta ni ó ní láti kàn sí. Ìrìn náà lè má ju ojúlé mẹ́ta lọ, kí ó sì le ju ìrìn Onitsha.

Kí Olúwa, ẹni tí ó fi ògo sílẹ̀ nítorí wa, fún wa ní ọkàn tí yóò dúró níbi tí ó bá fi wá sí, àti ẹsẹ̀ tí yóò dìde nígbà tí ó bá pè. Àmín.