Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ọ̀nà

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ tí a kọ sára ilé tàbí sára ọkọ̀, ta ni a kọ ọ́ fún? Ṣé ẹni tó ń kọjá ni, àbí ẹni tó ni ín?

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ẹ̀sìn àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Táò. Ìtumọ̀ Táò ni Ọ̀nà. Bí ẹ bá dé ilé ìsìn wọn tó ti pẹ́, ẹ óò sábà rí ìlà ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Láti òkè ni wọ́n ti ń kà á wá sísàlẹ̀. Ti ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà. Iye àmì ìkọ̀wé kan náà ló wà nínú méjèèjì, ìlà kejì sì ń dá ti àkọ́kọ́ lóhùn.

Àwa náà mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní: "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè." Bí a bá sọ apá kan, tí a fi ìkejì sílẹ̀, ọmọdé nìkan ni a bú. Ìgbà tí a bá sọ méjèèjì ni òwe pé.

Ní Lomé, ọ̀rọ̀ pọ̀ lára tasí àti lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan, mo wọ tasí ní Anagokomé, àdúgbò tí àwọn Èwé fi orúkọ àwa Ànàgó pè. Bè ni mò ń lọ. Wọ́n kọ "Sùúrù" gàdàgbà sẹ́yìn ọkọ̀ náà ní èdè Faransé. Màmá arúgbó kan fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kò sì yára. Ni awakọ̀ bá ń pariwo mọ́ ọn. Mo bi í ní èdè Èwé pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀ yín?" Ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá màmá gbé ẹrù rẹ̀.

Àwọn kan á ní irọ́ ni ọ̀rọ̀ ara ọkọ̀ yẹn, kí ó pa á rẹ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Sùúrù kò di irọ́ nítorí pé awakọ̀ bínú. Ọ̀rọ̀ náà ló mú un rántí ara rẹ̀. Ìlà kan péré ni ẹni tó kun ọkọ̀ kọ. Ìlà kejì, ìwà ọlọ́kọ̀ ni yóò kọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti orílẹ̀-èdè. "Iṣẹ́, Òmìnira, Ilẹ̀ Baba" ni ọ̀rọ̀ tí Tógò yàn fún ara rẹ̀. Ọwọ́ gbogbo wa ni ìlà kejì wà.

Nísinsìnyí tí a ti mọ̀wé kà, ẹ jẹ́ ká máa ka ìlà méjèèjì. Kí ẹ tó ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé ìwà mi lè dá a lóhùn?