Ìlú Mímọ́ Lẹ́nu Òkun

Ayétòrò wà ní etí Òkun Àtìláńtíìkì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní oṣù kìíní ọdún 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan tó ń jẹ́ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ ẹ́ dó. Inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù, èyí tí Mósè Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925, ni wọ́n ti jáde. Wọ́n kọ̀ láti bọ òrìṣà, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pa ìbejì mọ́, inúnibíni tí ọ̀rọ̀ náà fà ló sì lé wọn kúrò ní abúlé wọn. Ibi tí wọ́n forí lé kì í ṣe ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ń jà dù: ẹrẹ̀ ni, òkun níwájú, irà lẹ́yìn. Wọ́n ri òpó igi mọ́lẹ̀, wọ́n kọ́lé lé e lórí, wọ́n sì fi pákó tẹ́ títì láti ojúlé dé ojúlé.

Ohun tí wọ́n ṣe lórí ẹrẹ̀ yẹn ló mú kí àwọn onímọ̀ máa wá wo ìlú náà láti òkè òkun. Gbogbo ohun ìní jẹ́ ti gbogbo èèyàn, bí ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì ti ròyìn ìjọ àkọ́kọ́ ní Jerúsálẹ́mù. Kò sẹ́ni tó ń gba owó iṣẹ́. Apẹja, ahunṣọ, aránbàtà, aṣebúrẹ́dì àti akànkọ̀ ń kó èrè wọn sínú àpò kan, ìlú ń bọ́ wọn, ó ń dáṣọ fún wọn, ó sì ń kọ́ ọmọ wọn. Ní àwọn ọdún 1950, iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tó jù ú lọ nílẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Ọba wọn, tó ń jẹ oyè Ògèlóyìnbó, náà ni olórí ìjọ. Stanley Barrett, onímọ̀ àṣà ẹ̀dá tó wá láti Kánádà, ṣe ìwádìí níbẹ̀, ó sì tẹ ìwé jáde ní 1977 nípa bí ìlú náà ṣe là àti bí ètò àpò kan ṣe tú lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún. Lójú àwọn ará ìlú, èso ìgbàgbọ́ ni ọrọ̀ yẹn: Ọlọ́run ló fún wọn nílẹ̀, òun náà ló bù kún un. Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè ti yọjú, torí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run yìí ni òkun ń jẹ.

Ìjì hárikéènì kọ́ ló ń bá Ayétòrò jà. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ kì í dé etí òkun Nàìjíríà, nítorí ibẹ̀ sún mọ́ agbedeméjì ayé jù kí afẹ́fẹ́ tó lè máa yí po títí yóò fi di ìjì ńlá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ hárikéènì tó ń ba Kàríbíà àti Amẹ́ríkà jẹ́, orí ilẹ̀ Áfíríkà ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ dàrú, kó tó kọjá sójú òkun lápá Cape Verde, tó sì gbéra lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ayétòrò ń gba ìjà tirẹ̀ láti ọ̀nà mìíràn. Ìjì á jà ní gúúsù Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún, níbi tí ẹnikẹ́ni ní Ìlàjẹ kò lè rí i. Ìgbì tó tì jáde á rìn fún ọjọ́ mélòó kan. Bó bá bá omi òkun níbi tó ti kún, á ya wọ ìlú, nígbà mìíràn lábẹ́ ojú ọ̀run tó mọ́ kedere. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni irú rẹ̀ ti ń wáyé léraléra. Ó ti gba ilé lọ, ó ti gba ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ibi iṣẹ́ ọwọ́ tí ìlú fi ń yangàn. Ilé ìjọsìn pàápàá ti ṣí kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Omi ti wọ́ lára itẹ́ òkú lọ pẹ̀lú, ìyẹn sì jẹ́ àdánù tí kò ṣeé fi owó dí.

Kí ló dé tí ibi fi ń bá ẹni tó ń sin Ọlọ́run? Ìdáhùn tó yá jù lẹ́nu àwọn tó wà lókèèrè ni pé ẹ̀ṣẹ̀ ló fà á. Wọ́n á ní ìlú náà pa májẹ̀mú tì nígbà tó tú àpò kan ká, tí oníkálùkù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò tara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nínú ẹ̀sìn tí wọ́n fẹ́ fi gbè é lẹ́yìn. Nínú Bíbélì, àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù sọ irú rẹ̀ fún un, ìwé náà sì parí sí pé Ọlọ́run bínú sí wọn. Nínú Ìhìnrere Lúùkù, ilé ìṣọ́ tó wó ní Sílóámù pa ènìyàn 18, Jésù sì kọ̀ láti gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn ju ti àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ. Yàtọ̀ sí èyí, omi tó wọ Ayétòrò wọ abúlé Ìlàjẹ mìíràn tí kò bá Ọlọ́run dá àpò kan rí. Àbí májẹ̀mú wo làwọn yẹn dà?

Ìrònú Yorùbá àtijọ́ kò gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í fi gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ sọ́rùn Olódùmarè nìkan. Nínú ẹ̀kọ́ Ifá, àwọn ajogun wà láyé gẹ́gẹ́ bí agbára ọ̀tọ̀: Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èṣe. Òfò lè já wọ ilé olóòótọ́ láìjẹ́ pé olóòótọ́ ṣẹ̀. Òkun pẹ̀lú ní olówó tirẹ̀. Ìtàn kan sọ pé Olókun bínú, ó fẹ́ fi omi pa ọmọ aráyé run, Ọbàtálá sì lé e padà sí ààfin rẹ̀, ó fi ẹ̀wọ̀n méje dè é mọ́bẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí dáadáa á rí i pé ilẹ̀ gbígbẹ kì í ṣe ẹ̀bùn tí a gbà tán lẹ́ẹ̀kan. Àlàáfíà tí a ń ṣọ́ ni, ẹ̀wọ̀n sì lè já. Lóòótọ́, àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ kò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ Olókun, nítorí irú ẹ̀sìn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sá fún. Síbẹ̀, ìrònú náà bá ipò wọn mu ju ìwàásù nípa ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ lọ.

Ọ̀ràn yìí kan náà da Yúróòpù láàmú nígbà kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1755, ọjọ́ àjọ̀dún Gbogbo Ènìyàn Mímọ́, ilẹ̀ mì tìtì ní Lisbon, ní ilẹ̀ Portugal, nígbà tí èrò kún inú ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbì òkun àti iná sì parí ohun tó kù. Òǹkọ̀wé Voltaire fi ewì bínú sí àwọn tó ń sọ pé gbogbo nǹkan ló dára bó ṣe wà. Onímọ̀ ìrònú Rousseau kọ lẹ́tà sí i ní 1756, ó ní ìṣẹ̀dá kọ́ ló kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé alájà púpọ̀ jọ síbẹ̀. Àwọn kan ka ọ̀rọ̀ Rousseau sí àìláàánú, ṣùgbọ́n òun ló ṣí ilẹ̀kùn tí ẹjọ́ Ayétòrò nílò, ìyẹn ìyàtọ̀ láàárín ibi tó wá fúnra rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ àfọwọ́fà, pàápàá èyí tí ẹnì kan fọwọ́ fà fún ẹlòmíràn.

Etí òkun Ìlàjẹ jẹ́ ẹrẹ̀, kò ní iyanrìn púpọ̀ tí ìgbì máa kọ́kọ́ jà mọ́, ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ sì máa ń rì díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn kan fura pé epo rọ̀bì tí wọ́n ń fà nítòsí dá kún rírì náà. Omi òkun gbogbo ayé sì ti ga sókè ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà láti nǹkan bí ọdún 1900, nítorí ooru tí ilé iṣẹ́ àti ọkọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè ńlá dá sílẹ̀. Ìwọ̀nba ni ipa Ayétòrò nínú èéfín yẹn. Etí òkun Èkó fi hàn pé èèyàn lè gbé ìpalára láti ibì kan sí ibòmíràn. Láàárín 1908 sí 1912 ni ìjọba amúnisìn fi òkúta ṣe ògiri sẹ́nu ọ̀nà omi Èkó kí ọkọ̀ ojú omi lè wọlé. Ìgbì máa ń wọ́ iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ògiri náà dá a dúró. Iyanrìn gbá jọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, nígbà tí òkun fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ Bar Beach ní Victoria Island ní ìhà kejì. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ará ìhà ìwọ̀-oòrùn ṣe rere ju ará Victoria Island lọ. Òkúta ló pín in bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, àti ẹni tó bá sọ pé kádàrá ni, ti tú ẹjọ́ ká kí adájọ́ tó jókòó. Ní 2004, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta (NDDC) gbé iṣẹ́ odi òkun Ayétòrò fún agbaṣẹ́ṣe. Ọdún ń gorí ọdún, odi kò dúró. Àwọn ará ìlú gbààwẹ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì tún kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n ṣe ìwọ́de. Wọn kò rí ìtakora láàárín méjèèjì, kò sì sí níbẹ̀: àdúrà ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni òkun, ìwé ẹ̀bẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni àpò ìjọba.

Bí ìgbàgbọ́ ṣe máa yè nínú irú àdánù yìí jẹ́ ìbéèrè mìíràn. Ayétòrò ti la irú rẹ̀ kọjá rí. Barrett ròyìn pé àwọn ọmọ ìjọ ìṣáájú gbà pé ikú kò ní pa wọ́n. Ikú dé, ó mú àgbà wọn, ìjọ kò tú. Ẹ̀kọ́ náà ló yí padà, ìjọsìn dúró. Ṣíṣí tí ilé ìjọsìn ń ṣí kúrò níwájú omi jọ ìyẹn: ó fi hàn pé ibi mímọ́ lè rìn tẹ̀lé àwọn èèyàn rẹ̀. Itẹ́ òkú kò lè rìn bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù kò sì fẹ́ kí wọ́n kó wọn lọ síbòmíràn. Odi ni wọ́n ń tọrọ. Iyèméjì wọn láti ṣí kúrò ní ìdí. Ní Keta, ní orílẹ̀-èdè Ghana, òkun ti gba apá tó pọ̀ nínú ìlú kí ìjọba tó kọ́ odi, tó dá iyanrìn sí ọ̀sà, tó sì kọ́lé lórí ilẹ̀ tuntun náà fún àwọn ẹbí tó ti pàdánù tiwọn. Wọ́n padà di ará Keta nítorí pé Keta ṣì wà. Ní oṣù kọkànlá 2021, omi tún ya bo àwọn agbègbè etíkun níbẹ̀, ó sì sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn di aláìnílé, títí kan àwọn abúlé tí odi kò dé ọ̀dọ̀ wọn.