Ta Ló Di Ẹ̀wọ̀n Mú?

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí a bá ara wa sọ. Nínú èdè wa, orúkọ kan náà ni a fi ń pe irin tí a fi ń de ènìyàn àti ilé tí a ń tì í mọ́: ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀wọ̀n a sì máa ní orí méjì. Ọ̀kan wà lọ́rùn ẹni tí a dè. Ta ló di èkejì mú?

Ní ilẹ̀ yìí, kì í ṣe ìjọba ní gbogbo ìgbà. Láti ọdún 1992 tí wọ́n ti gbé ẹ̀wọ̀n Wolds fún Group 4 ni àwọn oníṣòwò ti ń bá ìjọba ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Thameside, tí kò jìnnà sí Peckham níbí, ọwọ́ Serco ló wà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i ní 2012. Ẹgbẹ́ Labour sọ, kí wọ́n tó wọlé ní 1997, pé kò tọ́ láti máa jèrè lórí ẹ̀wọ̀n. Wọ́n dé orí oyè tán, wọ́n tún fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tuntun. (Òṣèlú ni, kò yà wá lẹ́nu.)

Ẹ wo Birmingham. G4S gbà á ní 2011. Ní 2018 àwọn olùbẹ̀wò rí ẹ̀jẹ̀ àti èébì nílẹ̀, eku, oògùn olóró, àti òṣìṣẹ́ tó ń sùn tàbí tó ti ara rẹ̀ mọ́ ọ́fíìsì, ni ìjọba bá gbà á padà. Àwa nọ́ọ̀sì mọ bí irú èyí ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á yọ ẹnì kan kúrò nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru, nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀. Wọ́n á tún yọ ẹnì kan. Owó tí wọ́n dá sí yóò hàn nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò ráyè bojú wò kò ní hàn níbì kankan.

Jimmy Mubenga, ọmọ Angola, kú sínú ọkọ̀ òfurufú ní Heathrow ní 2010, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ G4S mẹ́ta dì í mú láti dá a padà sílé. Ní 2013 àwọn jùrì tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú rẹ̀ sọ pé wọ́n pa á lọ́nà àìtọ́. Ní 2014 ilé ẹjọ́ dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Wọn kò pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ rárá.

Ẹnìkan yóò sọ pé ti ìjọba kò sàn jù. Òtítọ́ ni. Ti ìjọba ni Wandsworth, ti ìjọba sì ni Kírikírì, ẹni tó bá mọ ibẹ̀ kò ní pè é ní ilé àánú. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní ẹni tó bá ránni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Bí ìjọba bá ránni, a lè fi ìbò bi í léèrè. Ẹni tó ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́, níbo ni a ó ti rí i? Inú wa a máa dùn bí wọ́ọ̀dù bá ṣófo. Oníṣòwò ẹ̀wọ̀n kò ní ìdí kankan láti gbàdúrà kí tirẹ̀ ṣófo. Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ Biden pàṣẹ ní 2021 pé kí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ dópin ní àwọn ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀. Trump fagi lé e ní 2025.

A kò bá àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀ wí. Owó ilé ni wọ́n ń wá. Ohun tí a ń rò nítorí tiwọn ni pé, bí wọ́n bá rí ohun tí kò dára lóru, ta ni wọn yóò sọ fún ní òwúrọ̀: ìjọba tó ni ẹlẹ́wọ̀n, tàbí ọ̀gá tó ń san owó wọn?