Ta Ni Yóò Jókòó Lókè?

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé: ṣé ẹni tí ìjókòó rẹ̀ ga jù ni ọlá rẹ̀ pọ̀ jù? Iṣẹ́ káfíńtà ni ó bí i. Mo ní kí a kan pèpéle onípákó sí ẹ̀yìn yàrá tí ìdílé mi ti ń wo sinimá, kí àwọn tó wà ní ìlà kejì lè máa rí àwòrán lára ògiri. Káfíńtà wọn pákó tán, ó ní, ‘Bàbá, ṣé ẹ̀yin àti Màmá ni yóò máa jókòó lókè?’ Mo ní àwọn ọmọ ni. Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ èèwọ̀.

N kò dá a lẹ́bi, nítorí èdè wa ń gbè é lẹ́yìn. ‘Ipò’ ni ibi tí ènìyàn wà. ‘Ipò’ náà ni ọlá tí ó ní. Ẹni tí a fẹ́ yẹ́ sí, a ó gbé e ga. Onírẹ̀lẹ̀ a sì rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Àga ni ti àgbà, ẹní ni ti ọmọdé.

Ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ pèpéle yìí gan-an? Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1 ni a fi gbé ìlà ẹ̀yìn sókè, kí ojú ẹni tó wà níbẹ̀ lè ré kọjá orí ẹni iwájú. Ẹni iwájú ti súnmọ́ àwòrán. Gíga ni a fi ṣe gbà-má-bínú fún ẹni tó jìnnà. Ní ilé ìṣeré Dionysus ní ìlú Athens àtijọ́, ìjókòó òkúta ìsàlẹ̀ pátápátá, tó súnmọ́ ojú agbo, ni ti àwọn àlùfáà àti àwọn ẹni ọlá.

Ẹnìkan lè ní kí gbogbo wa kúkú jókòó sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, pé ìyẹn ni ìdọ́gba. Bí ilẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹni iwájú yóò wòran, ẹni ẹ̀yìn yóò wo ìpàkọ́. Àwa olùkọ́ mọ èyí dáadáa: àlàyé kan ṣoṣo fún gbogbo kíláàsì, àwọn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó ń yé.

Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Nínú òwe náà, ọmọdé ni ó wà lókè, àgbà wà nísàlẹ̀, síbẹ̀ ọlá àgbà kò dín. Mo pa á fún káfíńtà, ó rẹ́rìn-ín, ó mú òòlù rẹ̀. Ohun tí ó kù fún àwa àgbà ni kí a má fi orí wa dí ọmọ lójú.