Ta Ni Olófòófó?

Ẹni tó ń gbé Okokomaiko tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Marina, kò sí bó ṣe lè tètè jí tó, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ máa dá a dúró. Okoko ni wọ́n ní rélùwéè Blue Line máa dé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Mile 2 ló mọ. Ẹ wá dé ọ́fíìsì láago mẹ́sàn-án dípò mẹ́jọ, ẹnì kan ti sọ fún ọ̀gá.

Kò sì parọ́ o. Ohun tó ń dunni nínú òfófó nìyẹn: òótọ́ ni, àmọ́ ó fi Mile 2 sílẹ̀ nínú ìtàn.

Àwọn àgbà ní òfófó kì í gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Ṣùgbọ́n lóṣù Kejìlá ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ ní ẹni tó bá tú àṣírí owó ìlú tí wọ́n jí máa gba ìdá 2.5 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n bá rí gbà padà. Ṣé olófòófó nìyẹn náà? Rárá. Owó gbogbo wa ló wà níbi ìpamọ́.

Pípẹ́ tiyín ńkọ́? Bó bá jẹ́ òun ló ń dá ṣe iṣẹ́ yín láàárọ̀, ó lẹ́jọ́ rò lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yin ló yẹ kó kọ́kọ́ rò ó fún.

Ẹ má wá ẹ̀sùn tirẹ̀ kiri. Ẹ lọ bá ọ̀gá fúnra yín, ẹ sọ aago tẹ́ ẹ ń jáde nílé, kẹ́ ẹ bèèrè bóyá ẹ lè máa bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́sàn-án, kẹ́ ẹ fi wákàtí kan kún un nírọ̀lẹ́. Kẹ́ ẹ wá sọ fún akẹgbẹ́ yín pé ẹ ti sọ ọ́. Ó lè má dákẹ́ ṣá o.